Ọnà Ara Ògiri: Láti Ojúbọ Òrìṣà Ìkirè dé Ojú Pópó Ìbàdàn

Ẹni tí ó bá gba títì Ọ̀yọ́ jáde ní Ìbàdàn, tí ó kọjá Ọ̀jọ́ọ̀, tí ó sì dé Mọ́níyà tí í ṣe ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé, yóò rí oríṣiríṣi ògiri lójú ọ̀nà. Ògiri amọ̀ ń bẹ lẹ́yìn, nínú àwọn agbo ilé àtijọ́. Ògiri oní-sìmẹ́ńtì ń bẹ níwájú, lẹ́bàá títì. Lára ti iwájú yìí ni ìkọ̀wé pọ̀ sí. Onílé kan kọ ọ́ gàdàgbà pé ilé òun kì í ṣe títà. Òmíràn kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tọ̀ síbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù sì ti fi ọ̀dà kun odindi ilé láti òkè délẹ̀ ní àwọ̀ tí a fi ń dá wọn mọ̀. Bí a bá bi ará àdúgbò léèrè pé níbo ni kíkun ògiri ti ṣẹ̀ wá, yóò dáhùn pé iṣẹ́ àwọn pẹ́ńtà ni. Bí a bá sì bi akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, èyí tí ó ti ka ìwé díẹ̀ nípa iṣẹ́ ọnà yóò ní láti Òṣogbo ni, ní ọdún 1962. Ìdáhùn méjèèjì ni ó fo orí ohun tí ó tóbi dá. Kí ọ̀dà inú agolo tó dé ilẹ̀ yìí, kí a sì tó gbọ́ orúkọ Mbari ní Ìbàdàn, àwọn obìnrin ni ó ni ògiri.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí Akínyẹlé jẹ́. Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829. Nígbà tí ogun Ìjàyè sì fi ìparun ìlú náà parí ní ọdún 1862, kò sí agbára mìíràn nítòsí tí ó lè dí Ìbàdàn lọ́wọ́ ní ìhà àríwá. Láti ìgbà náà ni abúlé oko ti ń pọ̀ sí i níhà ibẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn a máa ní ilé méjì: ilé ti ìlú, nínú agbo ilé baba rẹ̀, àti ilé ti oko. Oko ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ìlú ni ó ti ń ṣe ọdún, ìlú ni ó ti ń gbé ìyàwó, ìlú kan náà ni a sì ń gbé òkú rẹ̀ lọ sin. Ojúbọ ńláńlá wà ní ìlú. Nítorí náà, kò bọ́gbọ́n mu kí á lọ máa wá ọnà ńlá ara ògiri ní abúlé oko, kí á sì tìtorí pé a kò rí i kí á sọ pé àwọn ará oko kò mọ ọnà.

Iṣẹ́ tí ó bí ọnà náà wà ní oko bí ó ti wà ní ìlú. Bí àwọn ọkùnrin bá ti po amọ̀, tí wọ́n sì mọ ògiri ní ìpele-ìpele dé ìbi tí igi àjà yóò jókòó, àwọn obìnrin ni ó kù tí yóò rẹ́ ẹ. Àwọn obìnrin ni yóò fi ìgbẹ́ màlúù àti omi ewé pa ilẹ̀ ilé títí yóò fi dán. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ó ní òpin: òjò yóò fọ ògiri, ẹsẹ̀ yóò họ ilẹ̀, wọn yóò sì tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àwọn tí kì í jẹ́ kí ògiri lanu ni ìtàn iṣẹ́ ọnà kì í sábà dárúkọ.

Ilé-Ifẹ̀ ni a ti mọ èyí tí ó lókìkí jù lọ nínú irú ọnà yìí, ní ojúbọ Òrìṣà Ìkirè. Lọ́dọọdún, kí ọdún òrìṣà náà tó kò, àwọn obìnrin tí ó ń sìn ín a kóra jọ, wọn a sì tún ògiri ojúbọ náà kùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Wọn kì í lọ ra ọ̀dà. Ẹfun ni wọ́n fi ń ṣe funfun; ilẹ̀ tí a wà, tí a kù, tí a sì rẹ sómi ni wọ́n fi ń ṣe pupa; èédú àti èlú ni ti dúdú. Àwọ̀ mẹ́ta yìí tó wọn, nítorí mẹ́ta náà ni èdè Yorùbá fi ń pín gbogbo ohun tí ojú ń rí: aró wà lábẹ́ dúdú, àwọ̀ ìyeyè wà lábẹ́ pupa, eérú sì lè yà sí funfun tàbí dúdú gẹ́gẹ́ bí ó bá ti rí lójú ẹni. Nínú àwọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ti ń mú ejò jáde, àti ẹranko mìíràn, àti ìlà, àti ẹ̀ka, àti àmì tó-tò-tó tí ó dà bí ara ẹtù, títí ògiri kò fi ní ààyè kan tí ó ṣófo.

Ohun tí ó yẹ kí á fiyè sí jù lọ ni pé kíkùn ti ọdún yìí a máa bo ti èṣí mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ń sunkún àwòrán tí ó lọ. Lójú ẹni tí a tọ́ dàgbà nínú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti àwọn ará Yúróòpù, níbi tí a ti ń fi dígí bo àwòrán kí atẹ́gùn má baà kàn án, òfò gbáà ni èyí. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn obìnrin náà, kíkùn gan-an ni ẹbọ. Àwòrán tí ó kù lára ògiri jẹ́ àpá ohun tí wọ́n ti ṣe fún òrìṣà. Bí a kò bá mọ èyí, a ó máa wo àwòrán ara ojúbọ bí ẹni ń wo awo tí a ti jẹun tán nínú rẹ̀.

Ulli Beier, ọmọ Jámánì tí ó wá ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní ọdún 1950, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ọnà yìí fún àwọn tí kì í ṣe olórìṣà. Ó gbé e jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà *Odù* ní ọdún 1960. Ìwé tí ó kún jù lọ lórí rẹ̀ ni ti Bolaji Campbell, tí ó jáde ní ọdún 2008. Láàárín ọdún méjìdínláàádọ́ta tí ó wà láàárín ìwé méjèèjì, ọ̀pọ̀ ojúbọ tí a ń kùn tẹ́lẹ̀ ti di ògiri lásán. Kò sí ogun tí ó jà wọ́n lulẹ̀. Àwọn tí ń kùn wọ́n dàgbà, àwọn ọmọ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ọdún kan sì dé tí ẹnikẹ́ni kò po ẹfun. Òjò méjì péré ti tó láti parí ohun tí ó kù. Nínú fọ́tò tí ó sì wà nínú àwọn ìwé, orúkọ òrìṣà àti orúkọ ẹni tí ó ya fọ́tò ni ó sábà máa ń hàn. Ti àwọn obìnrin tí ó kùn ún kò sí níbẹ̀.

Àwọn obìnrin kan náà, tàbí àwọn tí ó jọ wọ́n, ni ó kọ́kọ́ ya ìlú Ìbàdàn. Wọn kò yà á sára ògiri, ara aṣọ ni. A kọ́ Gbọ̀ngán Màpó sórí òkè, a sì ṣí i ní ọdún 1929, pẹ̀lú àwọn òpó gàgàrà tí ẹnikẹ́ni kò rí irú wọn rí ní Ìbàdàn ṣáájú ìgbà náà. Ẹni tí ó bá ń ti oko bọ̀ ní ìhà Akínyẹlé tàbí Làgelú, tí ó ru ẹrù iṣu sórí, yóò máa rí òkè náà lókèèrè kí ó tó wọ ọjà. Kò pẹ́ rárá tí àwọn òpó náà fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn aládìrẹ. Nínú àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí a ń pè ní Ìbàdàndùn, a pín aṣọ sí igun mẹ́rin-mẹ́rin bí ojú fèrèsé, igun kọ̀ọ̀kan sì ní ọnà tirẹ̀; nínú ọ̀kan nínú wọn ni òpó Màpó ti dúró ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ, tí ṣíbí sì wà láàárín òpó kan àti èkejì. Kí ni ṣíbí ń wá ní gbọ̀ngán ìjọba? Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé ìlú tí ó dùn ni ìlú tí a ti ń jẹun yó, àti pé ibi tí ìjọba wà ni oúnjẹ ń wà. Ó ṣòro láti rí àwòrán ìlú kan tí ó ní ìjìnlẹ̀ tó báyìí, tí ó sì tún pani lẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ti ń ṣe é kò jìnnà sí ti ara ògiri. Láfún ni wọ́n ń sè di ẹ̀kọ, tí wọ́n ń fi álọ́ọ̀mù sí kí ó lè dì mọ́ aṣọ. Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń fa ìlà rẹ̀ sórí aṣọ funfun. Bí ó bá gbẹ, aṣọ yóò wọ inú ìkòkò aró lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí yóò fi gba àwọ̀ dáadáa, a ó sì họ ẹ̀kọ náà kúrò. Ibi tí ẹ̀kọ wà ni yóò mọ́, gbogbo ìyókù ni yóò dú. Obìnrin tí ó ń yà kì í wo àpẹẹrẹ. Ọnà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tàbí ọ̀gá rẹ̀, ó sì ń tún un yà bí àwọn olórìṣà ti ń tún ògiri kùn. Ìyàtọ̀ kan ni ó wà: aṣọ ń rìn. Ìbàdàndùn dé ibi tí ògiri kò lè dé, ìdí sì nìyẹn tí òpó Màpó fi wà títí di òní nínú àpótí aṣọ àti nínú àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí lókè òkun, nígbà tí ọ̀pọ̀ ojúbọ ti di ilẹ̀.

Ọwọ́ àwọn ọkùnrin náà kò dilẹ̀. Àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíl padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún mú irú ilé kan bọ̀, onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ojú fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kún fún ọ̀ṣọ́ sìmẹ́ńtì. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní Èkó ní ọdún 1894 jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí ó lẹ́wà jù. Nígbà tí owó kòkó dé, irú ilé bẹ́ẹ̀ tàn dé Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú, Òṣogbo àti àwọn ìlú kéékèèké. Bíríkìlà tí ó bá mọ iṣẹ́ kì í fi ilé sílẹ̀ láìṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. A mọ kìnnìún méjì sórí ògiri iwájú, tàbí erin, tàbí ọkùnrin tí ó gun kẹ̀kẹ́. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n sì ń fi ilé náà júwe ọ̀nà.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe rí nígbà tí a dá Ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1961. Àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kò kéré: Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo, J. P. Clark, Ezekiel Mphahlele ọmọ Gúúsù Áfíríkà, Demas Nwoko àti Uche Okeke tí í ṣe ayàwòrán, àti àwọn mìíràn. Wọ́n gba ilé tí ó ti jẹ́ ilé oúnjẹ ará Lẹ́bánónì kan rí, kò jìnnà sí Ọjà Dùgbẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti ń pàtẹ àwòrán, tí a ti ń ṣe eré, tí a sì ti ń tẹ ìwé jáde. Owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Congress for Cultural Freedom, ẹgbẹ́ tí àṣírí tú ní ọdún 1966 àti 1967 pé ilé-iṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, ìyẹn CIA, ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde yóò rí i pé aláṣẹ kankan kò fi ìyẹn bọ ohùn sí wọn lẹ́nu. Síbẹ̀, ìtàn kò gbọdọ̀ fi í pamọ́.

Orúkọ tí ẹgbẹ́ náà mú ni ó kan ọ̀rọ̀ ògiri gbọ̀ngbọ̀n. Achebe ni ó dá a lábàá. Ní agbègbè Owerri nílẹ̀ Ìgbò, mbari ni ilé amọ̀ tí a ń kọ́ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀. Àwọn tí a yàn láàárín ìlú a wọ inú ọgbà, wọn a sì lo ọ̀pọ̀ oṣù níbẹ̀, tí wọ́n ń mọ ère, tí wọ́n ń kun ògiri: ère òrìṣà, ère ẹranko, ère obìnrin tí ń rọbí, ère òyìnbó ajẹ́lẹ̀ pẹ̀lú akẹtẹ̀ lórí. Bí ó bá parí, gbogbo ìlú a wá wò ó, lẹ́yìn náà a ó fi í sílẹ̀ kí òjò wó o. A kì í tún un ṣe. Bí Ala bá tún béèrè, a ó kọ́ òmíràn. Bí a bá fi èyí wé ojúbọ Òrìṣà Ìkirè, a ó rí ọ̀nà méjì tí àwọn ènìyàn méjì gbà dé ibi kan náà. Ìgbò jẹ́ kí ilé wó, wọ́n kọ́ òmíràn. Yorùbá jẹ́ kí ògiri dúró, wọ́n tún un kùn. Ohun tí kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú wọn ni pé kí á yà á lẹ́ẹ̀kan kí ó sì wà títí láé.

Ní oṣù kẹta ọdún 1962 ni ẹ̀ka kejì ṣí ní Òṣogbo, nínú ilé tí Dúró Ládípọ̀ ti ń ta ọtí tẹ́lẹ̀. Àwọn ará ọjà Òṣogbo gbọ́ "Mbari", wọ́n sì fi etí Yorùbá gbà á, ó di "Mbari Mbayọ̀": bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀. Denis Williams, ọmọ Guyana, ni ó darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ ní ọdún 1962 àti 1963. Georgina Beier ni ó darí èyí tí ó lókìkí jù, ní ọdún 1964. Láti inú wọn ni Jacob Afolabi, Rufus Ogundele, Muraina Oyelami, Twins Seven Seven àti Jimoh Buraimoh ti jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ òṣèré nínú ẹgbẹ́ Ládípọ̀. Buraimoh ni ó ń ṣètò iná mànàmáná fún wọn.

Bí a ti ń sọ ìtàn yìí nínú ọ̀pọ̀ ìwé ni pé àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ nǹkan kan wọ inú yàrá, òyìnbó fún wọn ní ọ̀dà, wọ́n sì jáde ní ayàwòrán. Ìtàn náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Àwọn ọmọ wọ̀nyí dàgbà nínú ìlú tí aró ń bẹ nínú ìkòkò lẹ́yìnkùlé, tí kìnnìún sìmẹ́ńtì ń bẹ lórí ilé, tí ojúbọ ń bẹ ní ìkóríta. Ohun tí Williams àti ìdílé Beier fún wọn ni ààyè, bébà, ọ̀dà àti oníbàárà. Kò kéré, ó sì yẹ kí á dúpẹ́ rẹ̀. Ojú tí wọ́n fi ríran ti wà lára wọn kí wọ́n tó wọlé. Ulli Beier fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti kọ̀wé nípa ògiri àwọn olórìṣà ṣáájú kí Mbari Mbayọ̀ tó ṣí. Àwọn tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ ni ó gé ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà kúrò.

Adébísí Àkànjí ni ẹ̀rí tí ó dájú jù. Bíríkìlà ni. Nígbà tí Beier ní kí àwọn bíríkìlà wá fi ẹranko sìmẹ́ńtì díje, irú èyí tí wọ́n ń mọ sórí ilé, ti Àkànjí ni ó tayọ. Kò pẹ́ tí ó fi ń ṣe ògiri oníhò tí ère kún inú rẹ̀, bí ẹni pé ó ń fi sìmẹ́ńtì hun agbọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí ó ṣe fún ilé epo Esso ní Òṣogbo láàárín ọdún 1960 sí 1969. Ọnà ti kúrò ní ojúbọ, ó ti bọ́ sí ibi tí awakọ̀ ti ń ra pẹtiróòlù, síbẹ̀ gbogbo ènìyàn ni ó ni ín, ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró ra epo lè wò ó láìsan kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bá Susanne Wenger ṣiṣẹ́ nínú Igbó Ọ̀ṣun, pẹ̀lú Buraimoh Gbadamosi, Kasali Akangbe àti àwọn oníṣọ̀nà mìíràn. Àjọ UNESCO kọ igbó náà mọ́ ara ogún àjọni gbogbo ayé ní ọdún 2005. Wenger kú ní ọdún 2009. Amọ̀ àti sìmẹ́ńtì inú igbó náà kò mọ̀ pé UNESCO ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, wọ́n ń sán, àtúnṣe wọn kò sì lè dáwọ́ dúró.

Àlejò kan tí ó wá sí Mbari ti Ìbàdàn yẹ kí ó gba ààyè díẹ̀ níhìn-ín. Jacob Lawrence jẹ́ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, a bí i ní ọdún 1917, Harlem ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí ó fi di olókìkí, tí ó parí ní ọdún 1941, jẹ́ ọgọ́ta àwòrán lórí bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti fi oko ìhà gúúsù Amẹ́ríkà sílẹ̀ lọ sí àwọn ìlú ńlá ìhà àríwá. Ọ̀rọ̀ oko àti ìlú kì í ṣe ohun àjèjì sí i, nítorí náà. Ó kọ́kọ́ wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1962 nígbà tí a pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1964, òun àti ìyàwó rẹ̀, Gwendolyn Knight, tí òun náà jẹ́ ayàwòrán, padà wá, wọ́n sì lo nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ní Èkó àti Ìbàdàn.

Nínú àwòrán tí Lawrence yà ní àkókò náà ni èyí tí ó pè ní *Street to Mbari*, ìyẹn títì tí ó lọ sí Mbari. Ọjà ni. Páànù orí ìsọ̀ sún mọ́ra wọn, aṣọ títà wà ní ìdì-ìdì pẹ̀lú àwọ̀ lóríṣiríṣi, àwọn ènìyàn sì kún títì débi pé ojú kò rí ibi tí yóò sinmi sí. Kò sí ẹnì kan tí ó jẹ́ olórí nínú àwòrán náà. Gbogbo wọn ni ó ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀, tí wọ́n ń ná ọjà. Bí ògiri olórìṣà kò ti ń fi ààyè kankan sílẹ̀ láìkùn, bẹ́ẹ̀ ni Lawrence kò fi ààyè sílẹ̀ lórí bébà rẹ̀. Kò di dandan kí ẹnikẹ́ni sọ pé ó kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Dùgbẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í fi ààyè sílẹ̀.

Àwòrán náà wà ní National Gallery of Art ní Washington. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Ilé Ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Chrysler ní Norfolk, ní ìpínlẹ̀ Virginia, ṣí ìpàtẹ ńlá kan lórí Lawrence àti Ẹgbẹ́ Mbari, ìpàtẹ náà sì tún lọ sí New Orleans àti Toledo ní ọdún 2023. Ó dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: títì tí ó lọ sí Mbari wà nínú dígí ní Washington, Mbari fúnra rẹ̀ sì ti di ìtàn. Ọmọ Ìbàdàn tí ó bá fẹ́ rí Dùgbẹ̀ ti ọdún 1964 bí ayàwòrán ti rí i, ìwé ìrìnnà ni yóò kọ́kọ́ lọ gbà.

Ní Ifẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ni ó ti tún padà sójú ọ̀nà. Ní ọdún 1989, Moyo Okediji, Kunle Filani, Bolaji Campbell, Tola Wewe àti Tunde Nasiru dá Ẹgbẹ́ Ọ̀nà sílẹ̀. Wọn kò fẹ́ kí ọnà Yorùbá jẹ́ ohun tí a ń kọ́ nínú ìwé ìtàn nìkan. Wọ́n fẹ́ kí ó jẹ́ òfin tí ayàwòrán ìsinsìnyí fi ń ṣiṣẹ́. Ní ti Okediji, tí ó ń kọ́ni ní yunifásítì níbẹ̀, kò tó láti ya àwòrán ojúbọ pẹ̀lú ọ̀dà òkè òkun. Ó lọ wo ohun tí àwọn obìnrin fi ń kun ògiri, ó sì mú ilẹ̀ àti àwọ̀ àtọwọ́dá ilé wọ inú iṣẹ́ rẹ̀ àti ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Owó ọ̀dà ti gòkè nígbà náà nítorí bí náírà ti ń lọ sílẹ̀ láti ọdún 1986; àìní pẹ̀lú ìmọ̀ ni ó jùmọ̀ tì wọ́n débẹ̀, kò sì sí ohun tí ó burú nínú ìyẹn. Ẹ̀kọ́ kan tí ó jinlẹ̀ ni pé olùkọ́ yunifásítì jókòó sí ẹsẹ̀ àwọn obìnrin tí kò mọ̀wé, ó sì pè wọ́n ní ọ̀gá.

Nísinsìnyí, ìlú ń bọ̀ wá bá Akínyẹlé níbi tí ó wà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn IITA ti wà ní ìhà ibẹ̀ láti ọdún 1967. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni a ṣí ọ̀nà reluwé tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, ibùdókọ̀ rẹ̀ tí a sọ ní orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì wà ní Mọ́níyà. Ẹni tí ó ń ti oko bọ̀ kò ní láti rìn dé ẹsẹ̀ òkè Màpó mọ́ kí ó tó rí ilé gàgàrà. Ilẹ̀ ń di ilé, ilé ń ní ọgbà, ọgbà sì jẹ́ ògiri gígùn tí ó kọ ojú sí títì. Láti Ọ̀jọ́ọ̀ dé Mọ́níyà, ògiri tí ó ṣófo pọ̀ ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Àwọn tí ó ń kọ nǹkan sí i ni oníṣòwò, olóṣèlú ní àkókò ìbò, àti onílé tí ń bẹ̀rù gbájúẹ̀. Ìkìlọ̀ nípa ilé tí kì í ṣe títà yìí, tí àwọn àlejò máa ń fi rẹ́rìn-ín, ni ọnà ara ògiri tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nílẹ̀ Yorùbá lónìí, òun náà sì sọ òtítọ́ kan nípa ìlú bí òpó àti ṣíbí ti sọ tirẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ògiri pẹ̀lú. Ohun tí a ń rí lára wọn ni máàpù Nàìjíríà, òǹkà, orin orílẹ̀-èdè, tí a sanwó fún pẹ́ńtà kan láti yà lẹ́ẹ̀kan, tí a sì fi sílẹ̀ kí oòrùn máa pa á. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe é bí àwọn obìnrin Ìkirè ti ń ṣe é kò nílò ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba. Ẹfun wà lọ́jà, lórí àtẹ àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ. Èédú wà nílé ìdáná. Ní ti pupa, níbikíbi tí wọ́n bá ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Mọ́níyà, wọ́n a máa kó ilẹ̀ rẹ̀ jọ sí ẹ̀bá títì: èyí tí ó wà lókè pọ́n rúsúrúsú, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pọ́n bí osùn, òmíràn sì rí bí ìyeyè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Kí a kù ú, kí a rẹ ẹ́ sómi, kí a sẹ́ ẹ kí iyanrìn lè kúrò, kí a sì fi ẹ̀kọ láfún díẹ̀ pò ó kí ó lè lẹ̀ mọ́ ògiri. Yóò ṣí bí òjò bá ti rọ̀ ọ́ tó. Ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ọmọ kíláàsì tí ó bá kàn yóò sì tún un kùn.